Yàrá Tí Àga Ti Ń Wọ Ìbọ̀sẹ̀

Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn kó àlejò wá wo iṣẹ́ Ìyá Etí ni gbogbo èèyàn ń rántí jù. Láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàtà ọ̀gá ti ń ró kọ́, kọ́, kọ́ bọ̀, tàwọn àlejò náà sì ń dáhùn lẹ́yìn ẹ̀. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn ni Ìyá Etí ti ṣí i, ó sì na ìka sí ẹsẹ̀ wọn. "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ bọ́ bàtà." Ọ̀gá tí àwọn dókítà máa ń dìde fún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà. Àwọn àlejò náà tú tiwọn.

Kápẹ́ẹ̀tì ló bo gbogbo ilẹ̀ yàrá náà, aṣọ tó nípọn ló bo ògiri. Àwọn àga pàápàá wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, kí wọ́n má baà pariwo nígbà tí wọ́n bá ń fà wọ́n. Ọmọkùnrin kékeré kan jókòó láàárín, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà lẹ́yìn etí ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ohùn, àmọ́ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rí láyé. Ọ̀gá wúkọ́, ó ní, "Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, inú wa dùn púpọ̀ láti..." Ìyá Etí gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ yìí fẹ́ sọ̀rọ̀." Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n dúró tìbọ̀sẹ̀-tìbọ̀sẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ àlejò kan sì ti yọjú síta láti ojú ihò. Ọmọ náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ojú lé ọ̀gá, ó ya ẹnu. Ó ní, "Jáde."

Kò sí ohun ìyanu nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń gbọ́ jù nínú yàrá náà nìyẹn, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ariwo wọlé, ì báà ṣe agbálẹ̀, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì, "Jáde" ni Ìyá Etí fi ń kí i. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì tọrọ àforíjì. Ó yíjú sí ọmọ, ó ní, "Àgbà ni wọ́n. Ẹ jáde, sà." Ọmọ ní, "Ẹ jáde, sà." Ọ̀gá sì jáde lóòótọ́. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti parí ọ̀rọ̀ ìkíni ẹ̀, bàtà lọ́wọ́.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń gbé wá fún ọkọ Ìyá Etí nígbà tí obìnrin náà kú. Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà, nítorí iṣẹ́ aṣọ ló fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá wá kí i kú ọ̀fọ̀ á jókòó, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ rántí ọjọ́ tó lé ọ̀gá àgbà síta?" Télọ̀ á ní òun rántí. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí, oníkálukú pẹ̀lú àfikún tiẹ̀, débi pé lẹ́nu ẹlòmíì, ọ̀gá náà sáré. Télọ̀ á rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, àlejò á gbé báàgì ẹ̀, á ní, "Ẹ máa mójú tó ara yín o," ilẹ̀kùn á sì pa dé. Yóò wá ku òun àti àwọn àga. Wọn ò bímọ, kò sí ẹni tí yóò jáde láti yàrá kejì wá béèrè ohun tí wọ́n ń rín.

Iṣẹ́ Ìyá Etí ò ṣòroó ṣàlàyé, ṣíṣe é ló le. Àwọn ọmọ kan wà tí etí wọn kì í gbọ́ tó, àwọn mìíì ò tiẹ̀ gbọ́ rárá àfìgbà tí dókítà bá fún wọn lẹ́rọ. Ẹ̀rọ á gbé ohùn wọlé, àmọ́ kò ní sọ fún ọmọ pé ohùn kí ni. Ariwo lásán ni lójú ọmọ náà, omi tó ń dà, ìyá tó ń pè, ajá tó ń gbó, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ìyá Etí ló ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn láràárọ̀, tó ń kọ́ wọn pé omi nìyí, ilẹ̀kùn nìyí, orúkọ tìẹ nìyí. Bó bá yé wọn tán, á wá kọ́ wọn láti dáhùn.

Ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa máa ń gbójú lé ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó lè fi ojú mọ ohun tí etí ò gbọ́. Ìyá Etí ò fara mọ́ ọn. Ó ní kí Télọ̀ ran nǹkan kan fún òun tí yóò bo ẹnu láì dí ohùn. Télọ̀ ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú òrùka onígi, ó jọ asẹ́, asẹ́ náà ni wọ́n sì ń pè é. Bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, asẹ́ á gòkè síwájú ẹnu. Àṣà náà wá mọ́ ọn lára débi pé bí asẹ́ ò bá sí nítòsí, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ bo ẹnu níwájú alápatà. Alápatà wò ó, ó wo ẹran ẹ̀, ó gbọ́ òórùn ẹran náà. Ó pe ìyàwó ẹ̀ kóun náà wá gbóòórùn. Ìyàwó ní ẹran ò rùn. Alápatà ní, "Ìyá, ẹran àárọ̀ yìí ni. Ẹ bọ́wọ́ kúrò lẹ́nu, ẹ ń lé àwọn oníbàárà mi." Ìyá Etí ò mọ̀ pé ọwọ́ òun wà lẹ́nu, ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹran àárọ̀ ni, ó ń wù mí," ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀. Látọjọ́ náà, Télọ̀ ló ń lọ ra ẹran.

Ohun kejì tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu ni dídúró rẹ̀. Bó bá bi ọmọ ní nǹkan, á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á gbójú sókè, á sì dákẹ́. Kò ní tún un bi, kò ní bá a dáhùn. Ó ní ọ̀nà jìn láti etí dé ẹnu, àgbà tí kò ní sùúrù ló ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Nǹkan tó ń ṣe fún ọmọ yìí náà ló ń ṣe fún gbogbo ayé. Plọ́mbà kan wá tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe. Ìyá Etí bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Plọ́mbà ní, "Ọ̀la, mà." Ìyá Etí tẹ̀ síwájú. Plọ́mbà ní, "Àbí ká sọ pé ọ̀tunla." Ìyá Etí ṣì ń wò ó. Òógùn bo plọ́mbà. Ó ní, "Mà, kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi ló mọ iṣẹ́ yìí. Èmi kàn máa ń bá a gbé àpótí ni."

Télọ̀ ò lè fi plọ́mbà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí bí òun náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ó bi Télọ̀ pé kí ló ń wá kiri òpópónà àwọn lójoojúmọ́, ó sì dúró. Télọ̀ ní òun ń lọ ra òwú. Ó dúró. Télọ̀ ní òwú ti wà nílé. Ó ṣì dúró. Kí Télọ̀ tó mọ nǹkan tó ń ṣe, ó ti sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, kò sì tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ tó kọ́ wá di ìṣòro mìíràn. Ẹnu Ìyá Etí nìkan ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀, wọ́n sì kó o tigi-tewé. Orúnkún máa ń dùn ún bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, á di àga mú, á ní, "Hùn-ún, orúnkún mi o." Àwọn ọmọ rò pé ohun tí èèyàn ń sọ bó bá fẹ́ dìde nìyẹn. Ọmọ kékeré á dìde nídìí oúnjẹ nílé, á di tábìlì mú, á mí, á ní, "Hùn-ún, orúnkún mi o." Bàbá kan gbé ọmọ tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun, wọ́n ya fọ́tò orúnkún méjèèjì. Dókítà ní orúnkún ọmọ náà dáa, ó sì bi bàbá pé ta ló ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bàbá dárúkọ ẹ̀. Dókítà ní, "Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. Ẹ gbọ́mọ yín máa lọ."

Bí Ìyá Etí bá délé, kì í dẹ́kun. Iṣẹ́ náà gbà pé kí olùkọ́ máa fi ẹnu sọ gbogbo ohun tó bá ń fi ọwọ́ ṣe, kí ọmọ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń rí nǹkan. Ìyá Etí á máa sọ ọ́ nínú ilé ìdáná: "Mò ń gé àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ta mí lójú. Ó yá, mo nu ojú." Á gbé oúnjẹ wá: "Ọkọ mi, àga rèé lẹ́yìn yín. Abọ́ rèé níwájú yín. Ṣíbí wà lọ́wọ́ ọ̀tún." Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé òkè ń gbọ́ gbogbo èyí láti ojú fèrèsé, ó sì gbà pé afọ́jú ni Télọ̀. Ó rí i lẹ́bàá títì lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó fi àánú mú un sọdá. Télọ̀ kì í bá èèyàn jiyàn, ó jẹ́ kó mú òun sọdá. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ, ó wá dá nìkan sọdá padà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni ibi tó ń lọ wà.

Ìyá Etí ṣàìsàn, kò pẹ́, ó kú. Ilé wá dákẹ́. Télọ̀ á gé àlùbọ́sà, ojú á ta á, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́. Ó ti fìgbà kan rò pé òun fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Ó yà á lẹ́nu pé ariwo ìyàwó òun lòun ń sinmi sí ní gbogbo ọdún yẹn. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbi kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni olùkọ́ tuntun wá kan ilẹ̀kùn, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n fi rọ́pò Ìyá Etí. Télọ̀ ti ń múra àtirẹ́rìn-ín sí ìtàn ọ̀gá àgbà, àmọ́ olùkọ́ náà ò sọ ọ́.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló gbé mi wá," ló wí.

Ọmọ kékeré ni Ìyá Àgbà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà sọ fún awakọ̀ pé, "Ọkọ mi, rọra máa wà á, egungun mi ò gbà á mọ́." Òun ni ọmọ tí Ìyá Etí kọ́ gbẹ̀yìn, òun ló sì fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì bá tí gbà bí ẹ bá bi í nígbà ayé ẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Látìgbà tí Ìyá ti lọ sinmi. Ó yọ ẹ̀rọ etí ẹ̀, ó fi sápò, bí a bá fẹ́ gbà á, á kígbe." Ó wolẹ̀. "Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí wọn ti fẹ́ gbà á, kó máa jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ọ̀gá ibẹ̀ ń bọ̀ wá tẹ́tí sí i. Bí kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà, níbi tí á ti máa sùn. Ìyá ẹ̀ kò yé sunkún. Bó bá sì pẹ́ jù tí kò gbọ́ nǹkan, gbogbo ohun tí Ìyá ti kọ́ ọ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ."

"Èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ wá bá. Aṣọ ni mo mọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Mo ti bi gbogbo ẹni tó mọ̀wé. Ẹ̀yin ló kù."

Ẹ̀rù ba Télọ̀. Kì í sábà gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ, ohùn wọn máa ń wúwo létí ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló ń túmọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí ọmọ yìí bá dákẹ́, ohun tó gbẹ̀yìn tí ìyàwó òun ṣe láyé náà á dákẹ́. Ó ní òun máa wá lọ́la.

Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé yàrá náà lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tìmùtìmù ìyàwó ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó máa ń jókòó, kò sẹ́ni tó tíì jókòó lé e. Ìyá Àgbà wà nídìí ògiri, ọwọ́ nínú àpò. Nígbà tó rí Télọ̀, ó dìde. Kò wo ojú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń wò, ó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin yìí ló máa ń wá mú Ìyá lọ sílé nírọ̀lẹ́, ibi tí ọ̀kan bá wà, èkejì ò lè jìnnà. Ó yọ ẹ̀rọ láti inú àpò, ó fi sí etí fúnra ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi tàn.

Télọ̀ jókòó sílẹ̀. Ó sọ ohun tó ti ń sọ fún gbogbo èèyàn. "Ìyá ti lọ sinmi."

Ọmọ náà rò ó. Lẹ́yìn náà ló ya ẹnu, ohùn ẹ̀ rọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ṣé ó ti wá jí?"

Télọ̀ wo olùkọ́. Olùkọ́ wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ló yé e, ohun tí gbogbo àwọn ti ṣe. Ẹnìkan ti sọ fún ọmọ yìí pé Ìyá sùn, ẹlòmíì ní ó rìnrìn àjò, ẹlòmíì ní ó ti lọ sílé. Ìyá Etí ló sì kọ́ ọ pé ohun tí wọ́n bá pè ní omi, omi ni. Ó gba gbogbo wọn gbọ́.

"Kí ló dé tó o ń fi ẹ̀rọ sápò?" Télọ̀ bi í.

"Mò ń tọ́jú bátìrì. Bó bá dé, a máa lò ó."

Télọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kóun sọ. Kò tíì sọ ọ́ rí látọjọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ẹbí, kò sọ ọ́ fún ara ẹ̀. Ó ti bá oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ rìn yí i ká. Ó ní, "Ó kú."

Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó fi etí sún mọ́ ọn. "Mi ò gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di dandan fún un láti tún un sọ, kó sì sọ ọ́ sókè. "Ìyàwó mi kú. Kò sùn. Kò rìnrìn àjò. Kò ní wá síbí mọ́, kò sì ní wá sílé mọ́."

"Láéláé?"

"Láéláé."

Ìyá Àgbà bú sẹ́kún. Télọ̀ náà sunkún, ó sunkún bí kò ṣe sun ún rí níwájú àwọn àlejò, kò sì bo ojú. Ọmọ náà nu imú sí apá ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló wá ń bá yín sọ̀rọ̀ nílé?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá kí i. Wọ́n ti béèrè bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn. Kò sí ẹni tó béèrè èyí. "Kò sẹ́ni," ló wí.

Ìyá Àgbà rò ó bí àgbà ṣe ń ronú. "Ó dáa," ló ní. "Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún un nípa eyín ẹ̀ tó ń mì, nípa àbúrò ẹ̀ tó jí kanrinkan jẹ, nípa gbogbo ohun tó ti kó jọ láti ìgbà tó ti dákẹ́. Ìyá rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn, ó fara ti ògiri, kò wọlé. Télọ̀ ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí kò bá ti yé e, ó ń mi orí, ó sì ń tẹ̀ síwájú. Ó pẹ́ kó tó délé lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ kó parí.